Àpótí Lẹ́tà Kan fún Gbogbo Ilé-iṣẹ́: Oṣù Mẹ́ta Mi ní Ìkẹjà

Láti ọjọ́ tí mo ti padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé-ìwé, àti ní ẹnu ọ̀nà ilé mi: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ní Èkó ò gba gbẹ̀rẹ́? Mo ti fi ẹ̀rín dá yín lóhùn títí ó fi sú mi. Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èkó tí èmi lọ, apá Ìkẹjà sí Agége ni, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Gbẹ̀rẹ́ wà níbẹ̀ dáadáa. Láàárín oṣù mẹ́ta, mo dúró lórí ìlà ju bí mo ti dúró rí láyé mi lọ, ẹ̀yin tí ẹ sì mọ̀ mí mọ̀ pé n kò ní sùúrù.

Ẹ̀rọ kan ni wọ́n pè mí láti wá tún ṣe. Mo tún un ṣe. Ohun tó ti ìdí rẹ̀ yọ ni n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, òun gan-an ni mo sì fẹ́ sọ.

*Ẹnu géètì*

Ẹ rántí pé ìgbà tí ìjọba ológun ń lọ sópin nìyẹn, tí àwa olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, tí ilé-ìwé sì wà ní títì. Ẹnì kan tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ló júwe mi fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tí wọ́n ti ń ṣe ìdérí ìgò. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní ímeèlì, ni wọ́n fi ń bá àwọn tó ń ta irin pẹlẹbẹ fún wọn lókè òkun sọ̀rọ̀. Lẹ́tà náà kì í tètè dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Wọ́n ní kí n wá wo ohun tó ń ṣe é, mo di ẹrù mi, mo lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo dé ibẹ̀. Ìlà gùn láti ẹnu géètì dé etí gọ́tà. Mo rò pé wọ́n ń pín nǹkan ni. Wọn ò pín nǹkan kan. Ìwé ńlá kan ló wà lórí tábìlì níwájú ọkùnrin àgbàlagbà tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Géètì, bíró kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi okùn so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Kò sẹ́ni tó máa wọlé láìkọ orúkọ rẹ̀ àti aago tó dé, kò sì sẹ́ni tó máa jáde láìkọ ọ́. Ẹni tí bíró bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ọba nìyẹn. Á kọ́kọ́ kí Bàbá Géètì, á béèrè orúnkún tó ń dùn ún, á béèrè ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìjẹ̀bú, kó tó wá kọ orúkọ. Àwa tó kù ń wòran.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn mí, obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún dé láti ẹ̀yìn pẹ̀lú báàgì oúnjẹ lọ́wọ́. Ìlà là fún un. "Ẹ bọ́ síwájú, mà." Kò kọ̀. Ó gba bíró, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó fara balẹ̀ bí ẹni ń hun ẹní. Ní ilé wa, ohun tó yẹ ká ṣe fún àgbà nìyẹn, n kò lè sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń ta mí lórí. Mo yíjú sí ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí wọn ò lo ìwé méjì?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwé méjì kẹ̀? Àlejò ni yín lóòótọ́. Àwọn ṣójà wá síbí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ẹni tó jáde lọ́jọ́ báyìí-báyìí. Ìwé méjì ló wà nígbà yẹn, a ò sì rí èyí tí wọ́n ń wá. Wọ́n mú ọ̀gá wa lọ, ọjọ́ méjì ló lò lọ́dọ̀ wọn. Àtìgbà yẹn, ìwé kan, bíró kan. Gbogbo ẹ̀ lójú kan náà, ó parí."

*Garawa*

Ọ̀dọ̀ Alhaji Làmídì ni mo dé sí ní Agége. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, kápẹ́ńtà ni, ó sì ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó mọ̀ọ́kọ. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ojú irin. Bí rélùwéè bá ń kọjá, ife á máa gbọ̀n lórí tábìlì, kò sì sẹ́ni tí í gbé ojú sókè. Bí Alhaji bá jí kírun, á kan ilẹ̀kùn mi, á ní kí èmi onítẹ̀bọmi náà dìde kí n gba tèmi. N kò tíì gbàdúrà òwúrọ̀ déédéé tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ ó bi mí léèrè oúnjẹ. Búrẹ́dì ni. Lọ́dọ̀ wa, aláìsàn là ń ra búrẹ́dì fún, àfi bí àlejò bá bá wa gbé e bọ̀. Ní Agége, oúnjẹ òṣìṣẹ́ ni. Wọ́n á rà á nígbà tó ṣì ń gbóná, á máa fà, wọ́n á fi ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ sáàárín rẹ̀, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní àárọ̀ kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè oúnjẹ ọ̀sán. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo béèrè ọkà. Gbogbo àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Ajílété ti dé," ni wọ́n wí, "wọ́n fẹ́ jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ." Inú mi dùn pé wọ́n mọ oríkì wa, inú sì bí mi díẹ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe.

Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà nínú àgbàlá ilé náà, ilé náà sì ní yàrá tó pọ̀. Ìwà tí mo rí níbẹ̀ ṣe mí ní kàyéfì. Ènìyàn kì í dúró sórí ìlà, garawa ni í dúró. Oníkálukú á gbé garawa tirẹ̀ kalẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, á sì bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, garawa á máa sún síwájú díẹ̀díẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó bá wà nítòsí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, garawa pupa kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ó kún, omi ń dà nù, olówó rẹ̀ kò sí ńbẹ̀. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ti tèmi bọ ibẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà, ariwo sọ. Ìyá tó ni garawa náà kò tíì pọn omi rẹ̀ tán. Ó fẹ́ fi omi àkọ́kọ́ yẹn ṣan garawa náà, kó tó wá pọn èyí tó máa mu. Ẹni tó dé lẹ́yìn mi ti gbé e lọ, ó rò pé omi mímu ni.

Kò sẹ́ni tó lù mí. Alhaji kàn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Garawa dúró fún olówó ẹ̀," ló wí. "Bí kò bá sí ńlé, wá a lọ. Má sún un."

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Mo gbọ́ ohun tí Alhaji sọ, mo dúpẹ́, mo sì gbàgbé rẹ̀.

*Yàrá tútù*

Obìnrin tí ìlà là fún lẹ́nu géètì, Ìyá Bọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè é, òun ló ń mójú tó lẹ́tà ilé-iṣẹ́ náà. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tẹ́lẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n wà ní yàrá lẹ́tà tẹ́lẹ̀. Sáàpù dé, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó sọ nǹkan di ọ̀wọ́n, wọ́n ń dá wọn dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá ku òun nìkan. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá tútù níbi tí kọ̀ǹpútà ńlá wà, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà. Bí lẹ́tà bá wọlé, á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, á sì gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Ó máa ń rìn káàkiri ilé-iṣẹ́ náà látàárọ̀ dálẹ́, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ á sì máa kí i bó ṣe ń kọjá.

Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé, kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Obìnrin yẹn ń jókòó lé lẹ́tà," ló wí. "Ìwọ wo ẹ̀rọ náà. Tó o bá rí i pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é, wá sọ fún mi, n ó jẹ́ kó máa lọ sílé."

Mo jáde lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì rí i pé Ìyá Bọ́sẹ̀ ti fi ṣíbí kan sí orí tábìlì mi pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín nínú ewé.

"Tíṣà, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹ búrẹ́dì, mà."

"Búrẹ́dì kọ́ ni oúnjẹ. Jẹ ìyẹn."

Báyìí ni nǹkan ṣe rí nínú yàrá tútù. Gbogbo lẹ́tà ilé-iṣẹ́ náà, àpótí kan ṣoṣo ló ń wọ̀. Ọ̀gá ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó rí lọ́wọ́ àwọn ṣójà: kí gbogbo rẹ̀ wà lójú kan. Àpótí yìí kì í ṣe àpótí igi, ìwé gígùn kan nínú kọ̀ǹpútà ni, tí lẹ́tà tuntun ń wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i láti kà á, kọ̀ǹpútà á fi àgádágodo sí i, kí ẹlòmíì má baà kọ nǹkan sójú ewé kan náà. Títí ẹni náà á fi pa á dé, kò sẹ́lòmíì tó lè kà á, lẹ́tà tuntun kò sì lè wọlé. Wọ́n á dúró síta, wọ́n á tò sórí ìlà. Bí ẹni tó ń kà á bá sì ń pa á dé, kọ̀ǹpútà á da gbogbo ìwé náà kọ látòkè délẹ̀ kó tó ṣí àgádágodo. Kò sẹ́ni tó pa lẹ́tà kan rẹ́ rí níbẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọjọ́ kan wọ́n á béèrè rẹ̀. Ìwé náà ti sanra kọjá àfẹnusọ.

Ìyá Bọ́sẹ̀ kò jókòó lé nǹkan kan. Ó ń dúró lórí ìlà bíi ti gbogbo wa ni.

Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un, ó tẹ́tí sí mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ìbéèrè kan.

"Tó o bá wá tún un ṣe tán, Tíṣà, kí ni n ó máa ṣe?"

"Ẹ ó máa sinmi ni, mà."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ewé mọ́ínmọ́ín náà.

*Kọ́kọ́rọ́*

Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà fún ọ̀sẹ̀ kan, mo ń kọ ẹni tó ṣí àpótí àti ìgbà tó pa á dé. Ohun tí mo rí kò dùn mọ́ mi. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni. Á ṣí àpótí ní aago mẹ́jọ, á ka lẹ́tà mẹ́ta, á sì lọ wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Àpótí á wà ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí ọ̀sán. Akọ̀wé rẹ̀ rí i, gbogbo ẹni tó bá wọlé ń rí i. Kò sẹ́ni tó jẹ́ na ọwọ́ kàn án. Ohun tí àgbà bá ṣí sílẹ̀, òun náà ló ń pa á dé.

Èwo ni kí n ṣe? Kí n lọ bá ọkùnrin tó gbà mí síṣẹ́, kí n sọ fún un pé òun ni àgádágodo tí à ń wá? Ẹ̀rù bà mí. Mo gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Mo kọ àṣẹ kékeré kan fún sáfà náà pé àgádágodo yòówù tó bá ti pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó já a. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ti ọ̀gá ni mò ń já.

Ó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́tà ń wọlé bí omi. Àwọn tó ti ń bú ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú àwọn ènìyàn. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà fún mi bí mo ṣe ṣí i fún wọn, ó sì ní wọ́n máa dá orúkọ mi fún àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìjọ Aládùúrà kan ní Ọgbà. Mo gbà á. Lọ́jọ́ náà, mo rìn lójú ọ̀nà bí ẹni tó ni Ìkẹjà.

Àwọn baba wa ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn.

*Kúẹ́rì*

Bíi ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwọn tó ń ta irin pẹlẹbẹ lókè òkun pè lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé pé kí ilé-iṣẹ́ náà dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́rin bí wọ́n bá ṣì fẹ́ irin. Wọn ò rí èsì, wọ́n ti kó irin náà fún ẹlòmíì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ méjì dákẹ́, wọ́n sì ní kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀ máa lọ sílé títí irin míì á fi dé.

Lẹ́tà dà? Wọ́n wo inú àpótí, kò sí. Wọ́n wo ìwé Ìyá Bọ́sẹ̀, kò sí. Ọ̀gá fún un ní kúẹ́rì: kó kọ̀wé ṣàlàyé, láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìdí tí wọn kò fi ní lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi wọ yàrá tútù, mo wo àkọsílẹ̀ tí sáfà máa ń ṣe fúnra rẹ̀. Lẹ́tà náà wọlé. Ó wọlé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ nígbà tí àpótí wà ní ṣíṣí lọ́dọ̀ ọ̀gá, nítorí àṣẹ mi ti já àgádágodo. Nígbà tí ọ̀gá wá padà dé ní ọ̀sán tó sì pa àpótí dé, kọ̀ǹpútà rẹ̀ da ìwé náà kọ bí òun ṣe mọ̀ ọ́n ní aago mẹ́jọ. Ní aago mẹ́jọ, lẹ́tà yẹn kò tíì dé. Ó sì parẹ́. Ìyá Bọ́sẹ̀ ṣì ń gbé lẹ́tà kiri nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó fojú kàn án.

Mo tún àkọsílẹ̀ náà kà. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Tèmi yìí, èmi ni mo dà á, Ìyá Bọ́sẹ̀ ló lọ bà lójú.

N kò sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo jáde níbẹ̀, mo bá Ìyá Bọ́sẹ̀ tó ń dúró dè mí pẹ̀lú bébà méjì àti bíró.

"Tíṣà ni ọ́," ló wí. "Òyìnbó mi kò ká èyí. Bá mi kọ èsì náà."

"Kí ni kí n kọ, mà?"

"Kọ ọ́ pé mi ò rí lẹ́tà náà. Òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ jẹ́jẹ́, kó má baà dà bíi pé mò ń gbéraga. Sọ pé mo bẹ̀bẹ̀."

Mo kọ ọ́. Mo fi gbogbo òyìnbó tí mo mọ̀ sí i. Mo kọ ọ́ pé ó ti sin ilé-iṣẹ́ náà tọkàntọkàn, pé ọmọ rẹ̀ tó kẹ́yìn ṣì wà nílé-ìwé, pé bí ó bá ṣẹ̀, kí wọ́n dárí jì í. Gbogbo rẹ̀ ló dùn létí. Ọ̀rọ̀ kan tí ìbá gbà á sílẹ̀, n kò kọ ọ́ síbẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ bó ṣe máa ń kọ ọ́ lẹ́nu géètì, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Mo dé Agége ní ìrọ̀lẹ́. Alhaji Làmídì ń fá pákó kan níwájú ilé, mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Garawa ta lo sún?"

"Ti ọ̀gá, sà."

"Ta ni wọ́n wá ń bá wí?"

"Obìnrin kan, sà. Ẹni tó ń fún mi lóúnjẹ."

Ó fẹ́ eruku pákó kúrò, ó wò ó bóyá ó ti tẹ́jú. "Lọ dá garawa padà," ló wí.

*Ẹni tó di àpótí mú*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó dé ọ́fíìsì ọ̀gá, mo kọ́kọ́ dúró níwájú tábìlì Ìyá Bọ́sẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi ni mo sọ lẹ́tà náà nù, mo sì ti mọ̀ kí n tó bá a kọ èsì. "Dìde," ló wí, "ilẹ̀ tutù." Ó sì ṣí ìwé rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé wà nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo ṣàlàyé àṣẹ tí mo kọ, àti bí lẹ́tà náà ṣe wọlé tó sì parẹ́. Ó gbọ́ mi dópin.

"Kí ló dé tó o fi ń já àgádágodo?"

"Ẹnì kan máa ń ṣí àpótí sílẹ̀ títí, sà. Gbogbo ènìyàn á wá dúró."

"Ta ni?"

Mo wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin ni, sà."

Òun náà wo kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀. Àpótí wà ní ṣíṣí níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó na ọwọ́, ó pa á dé fúnra rẹ̀.

"Àtìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, sà. Ẹ̀rù bà mí ni."

"Ẹ̀rù." Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa. "Èmi náà, ẹ̀rù ló jẹ́ kí n kó gbogbo ẹ̀ sójú kan. Kí ni ọ̀nà àbáyọ?"

Mo sọ fún un. Kí oníkálukú ní àpótí tirẹ̀, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ewé tirẹ̀. Bí ẹnì kan kò bá kọ sójú ewé ẹlòmíì, kò sí pé à ń ti nǹkan pa. Kò sẹ́ni tó máa dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ á sì máa lọ síbì kan fún òun ọ̀gá, bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè. Ó fa kúẹ́rì Ìyá Bọ́sẹ̀ jáde nínú fáìlì pẹ̀lú èsì tí mo kọ, ó ya méjèèjì. Ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé ó ti tán.

"Ìyẹn ni pé," ló wí, "lẹ́tà á máa lọ bá oníkálukú lórí tábìlì rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò ní sí pé ẹnì kan ń tẹ̀ ẹ́, tó ń gbé e kiri?"

"Rárá, sà. Kò pọn dandan mọ́," ni mo wí. Inú mi ṣì ń dùn nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi. Ìgbà tó yíjú sí fèrèsé ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

*Ìwé géètì*

Iṣẹ́ náà gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó dára. N kò tíì ṣe iṣẹ́ kan tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, bí mo bá sì sọ pé n kò yangàn nípa rẹ̀, irọ́ ni mò ń pa. Lẹ́tà á dé, á lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Kò sí ìlà mọ́ nínú yàrá tútù.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù, wọ́n fún Ìyá Bọ́sẹ̀ ní ìwé kan. Ìwé ọpẹ́ ni. Wọ́n ní kò ṣẹ̀, wọ́n ní olóòótọ́ ni, wọ́n sì ní kò sí iṣẹ́ tí wọ́n lè fún un mọ́. Mo gbìyànjú, mo tọ ọ̀gá lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kí wọ́n fi sídìí nǹkan mìíràn. Ó ní ibo ni kí òun fi í sí, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ ṣì jókòó sílé nítorí irin. Èmi náà sì ni mo sọ irin náà nù.

Mo bá a níbi tó ti ń kó àwọn ìwé rẹ̀ sínú báàgì oúnjẹ. Ó ti nu tábìlì náà mọ́.

"Wọ́n wẹ̀ mí mọ́," ló wí. "Mo lè wo ojú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. O ṣeun fún ìyẹn."

"Ẹ má bínú sí mi, mà."

"Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n o ò dá mi lóhùn lọ́jọ́sí."

"Lórí kí ni, mà?"

"Mo bi ọ́ pé tó o bá tún un ṣe tán, kí ni n ó máa ṣe."

Ó gbé báàgì rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, nítorí àkókò ìlọsílé ti tó. Ìlà ti gùn dé etí gọ́tà bíi ti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé. Wọ́n là fún un, ó bọ́ síwájú. Bàbá Géètì gbé ìwé náà yí sí i, ó sì na bíró sí i. Ó gbà á. Kò kọ orúkọ. Ó ń ṣí ojú ewé náà padà sẹ́yìn, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń fi ìka wá orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, bíró sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ fọn fèrè lójú títì, ó tún fọn ún. Gbogbo wa dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó yára.